Bí A Ṣe Ń Kó Ìtàn Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Jọ ní Abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Kí Wọ́n Tó Wó O

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ óò rí ọdún kan tí wọ́n kọ sí ara ògiri tàbí sí iwájú ìwé ètò àjọ̀dún. Ọdún yẹn ni gbogbo ìjọ mọ̀. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé, ọdún kí ni? Ṣé ọdún tí onígbàgbọ́ mélòó kan kọ́kọ́ kóra jọ gbàdúrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan ni, àbí ọdún tí wọ́n mọ ilé amọ̀ àkọ́kọ́, àbí ọdún tí bíṣọ́ọ̀bù wá ya ilé tó wà lónìí sí mímọ́? Ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì lè jìnnà síra gan-an. Ìjọ tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti ṣi ìtàn rẹ̀ kọ láti ìlà kìíní.

Akọ̀wé ìjọ, wọ́ọ́dìn, tàbí tíṣà tí ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ ìtàn lé lọ́wọ́ ni à ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń dáwó láti wó ilé àtijọ́ kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ìtàn ìjọ wà ní ibi mẹ́ta: inú ìwé, ara ilé, ẹnu àgbà. Ẹ kó ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ lọ́tọ̀ kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọjọ́ wíwó bá ti sún mọ́, ara ilé ni kí ẹ fi ṣáájú. Ìwé ṣì lè dúró nínú àpótí di oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ògiri amọ̀ ní í sọ, ọjọ́ tí katapílà bá dé ló parí.

Àwọn ọdún tí ẹ ó fi dán ìtàn wò

Kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sí ìwé pélébé kan kí ó máa wà lọ́wọ́ yín. Oṣù Karùn-ún 1892 ni ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, nígbà tí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí oyè. Ṣáájú ogun náà, Ìjẹ̀bú kò ṣí ọ̀nà fún àwọn míṣọ́nnárì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà) àti ti Mẹ́tọ́díìsì ń hù láti ìlú dé ìlú. Bí ìjọ abúlé kan bá wá sọ pé 1885 ni wọ́n dá òun sílẹ̀, kò di dandan kó jẹ́ irọ́, nítorí oníṣòwò tàbí ẹni tó ti ìgbèkùn bọ̀ lè ti máa dá gbàdúrà nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọdún bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rí tó lágbára ju ẹ̀yìn ìwé ètò lọ.

Ní ti àwọn Áńgílíkà, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù máa ń tú àṣírí ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell wà lórí oyè láti 1894 dé 1921. James Johnson di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ó sì kú ní 1917. Isaac Oluwole ti wà nípò igbákejì láti 1893, ó wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1932. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé James Johnson ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1920, ẹ mọ̀ pé yálà orúkọ tàbí ọdún ni kò tọ̀nà. Ìjẹ̀bú di dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ní 1976, Rẹ́mọ ní 1984. Ohun tó wà nídìí èyí ni pé lẹ́tà tí ìjọ Ìjẹ̀bú kọ sí bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú 1976, Èkó ló lọ. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a ní ọ́fíìsì Ìjẹ̀bú-Òde.

Fún àwọn àgbà tí kì í fi nọ́ńbà ka ọdún, ẹ ní orúkọ ọba lọ́wọ́. Àkárìgbò Adédòyìn jọba láti 1916 dé 1952. Awùjalẹ̀ Gbelegbuwa Kejì láti 1933 dé 1959. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà jẹ ní 1960. Ẹ fi àjàkálẹ̀ lúkúlúkú (àrùn flu) ti 1918 kún un, àti ogun Hítílà láti 1939 dé 1945. Ẹni tó bá ní “ìyá mi ti bímọ méjì nígbà lúkúlúkú” ti fún yín ní ohun tó dára ju ọdún tí ó kàn méfò lọ.

Inú ìwé

Ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, ìwé ìsìn tí oníwàásù ń fọwọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mínìtì ìgbìmọ̀, àti ìwé owó. Bí ìwé ìrìbọmi tó wà lọ́wọ́ ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ẹ má kọ ọ́ pé 1924 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi níbẹ̀. Abúlé tí kò ní àlùfáà tirẹ̀ kì í ní ìwé tirẹ̀. Inú ìwé ìjọ ńlá tó ń bójú tó o ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ lọ sí ìjọ ńlá náà, kí ẹ máa wo òpó ibi tí wọ́n kọ ibùgbé òbí sí. Níbi tí orúkọ abúlé yín bá ti kọ́kọ́ jáde, ẹ ti dé ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá yín jiyàn lé lórí.

Òpó iṣẹ́ òbí náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Yóò fi hàn bóyá àgbẹ̀ ló pọ̀ jù, tàbí ahunṣọ, tàbí oníṣòwò tó ń lọ Èkó. Ẹ ka iye ọmọ tí wọ́n rì bọmi lọ́dọọdún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan fún ọdún kan. Níbi tí iye bá ti já wálẹ̀ lójijì, ẹ wádìí ìdí. Ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, bí ó bá já láàárín 1918 sí 1922, ẹ rántí ẹgbẹ́ àdúrà Joseph Shadare. Inú ìjọ Áńgílíkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lòdì sí oògùn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ títí wọ́n fi kúrò ní 1922. Ní Rẹ́mọ, ẹ wo ẹ̀yìn 1930, ọdún tí Josiah Oshitelu dá Ìjọ Olúwa, ti Aládùúrà, sílẹ̀ ní Ògèrè. Bákan náà, ní 1901 ni àwọn kan ti ya kúrò ní ìjọ Áńgílíkà ti Breadfruit l'Ékòó tí wọ́n dá African Church sílẹ̀, ẹ̀ka ìjọ náà sì dé ilẹ̀ wa. Ìtàn tó bá fo irú ìyapa bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú kò ní lè sọ ìdí tí ìjọ fi kéré sí i. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nínú ìwé ìsìnkú, ẹ ka oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn 1918 dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni àrùn náà wọ Èkó.

Ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ máa ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú. Ẹ óò rí “Shagamu” níbi tí à ń kọ Ṣágámù, “aiye” níbi tí à ń kọ ayé, “enia” níbi tí à ń kọ ènìyàn, àmì ohùn kì í sì í sábà sí. Orúkọ ènìyàn kan náà lè jáde lọ́nà mẹ́ta nínú ìwé kan. Ẹ da orúkọ kọ bí ẹ ṣe bá a gan-an, kí ẹ wá kọ bí à ń ṣe kọ ọ́ lónìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti “tún un ṣe” nígbà tó ń dà á kọ ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé owó ló ń fa àṣìṣe jù. Títí di òpin 1972, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì là ń ná: 20 ṣílè ní pọ́n-ùn kan, pẹ́nì 12 ní ṣílè kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 la bọ́ sí náírà, pọ́n-ùn kan sì di náírà 2. Àwọn àgbà ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀, pẹ́nì 3 ní tọ́rọ́, pẹ́nì 6 ní sísì. “Kọ́bọ̀ kan kan” tí ìyá àgbà ní àwọn dá fún páànù ní 1938, pẹ́nì ni, 240 rẹ̀ ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ẹ má ṣe yí i sí náírà òde òní nínú ìwé yín. Ó sàn kí ẹ wá ohun tí ìwé owó kan náà sọ nípa owó iṣẹ́ káfíńtà tàbí iye páànù lọ́dún yẹn, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹkàwé yóò ti mọ bí owó náà ṣe wúwo tó.

Bí ìwé ìjọ kò bá tó, ẹ lọ sí National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì, pẹ̀lú lẹ́tà ìjọ àti káàdì ìdánimọ̀, kí ẹ mú pẹ́ńsù dání, nítorí wọn kì í fẹ́ bírò nítòsí ìwé àtijọ́. Ẹ béèrè ìwé CMS ti ilẹ̀ Yorùbá àti ìwé Ijebu Prof, tí í ṣe ti ìjọba amúnisìn. Ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ CMS fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù wà ní Yunifásítì Birmingham. Ti ilẹ̀ Yorùbá láti 1880 dé 1934, abẹ́ àmì G3 A2 ni wọ́n tò ó sí, ibẹ̀ sì ni ìròyìn Ìjẹ̀bú lẹ́yìn 1892 yóò wà. Ti Mẹ́tọ́díìsì wà ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìjọ tó ń gbé òkè òkun lè bá yín lọ wò ó, bí ẹ bá fún un ní orúkọ abúlé ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́.

Ẹ má fi itọ́ ṣí ewé ìwé àtijọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì jẹ yíǹkì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbé e lọ fi ọ̀rá gbígbóná bò, kò ní ṣeé tú mọ́. Ìwé tó bá tutù, ẹ fi bébà funfun tí a kò kọ nǹkan sí sáàárín ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sí abẹ́ fáànù. Bí ẹ bá sá a sóòrùn, yóò ká jọ, yóò sì máa ṣẹ́. Láti ya á ní fọ́tò, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ pa iná fóònù, ẹ di fóònù mú tààrà lókè rẹ̀, kí ẹ ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan láìfo èyí tó ṣófo. Ẹ kó àwọn fọ́tò náà sí ibi méjì lọ́jọ́ kan náà.

Ara ilé

Ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń fi gbogbo kòtò àti gegele ara ògiri hàn. Ẹ mú téèpù mítà 30, okùn, tọ́ọ̀ṣì, chọ́ọ̀kì, bébà ńlá. Kí ènìyàn méjì di téèpù mú, kí ẹnì kẹta máa kọ ọ́.

Ẹ wọn gígùn àti ìbú láti inú, kí ẹ tún wọn ọ̀nà igun sí igun lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ilé náà kò gún régé, èyí sì sábà máa ń wà níbi tí ará ìjọ ti fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ojú fèrèsé kí ẹ wọn bí ògiri ṣe nípọn tó. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń tú. Ògiri búlọ́ọ̀kù ìǹṣì 9, tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde, kì í kọjá nǹkan bí ìǹṣì 11. Bí téèpù bá kà 15 tàbí 18, amọ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀dà, ohunkóhun tí ìwé ètò ì báà sọ nípa “ilé búlọ́ọ̀kù”. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ògiri níta. Níbi tí sìmẹ́ǹtì bá ti wú tó sì ń bọ́ bí èèpo, amọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Omi tó wọ amọ̀ kò rí ọ̀nà jáde nítorí sìmẹ́ǹtì ti dí i, ni ẹsẹ̀ ògiri bá ń rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní “ó ti gbó,” rírẹ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì ló pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wá ọdún tí wọ́n rẹ́ ẹ nínú mínìtì.

Ẹ máa fojú wá ibi tí wọ́n ti fi kún ilé. Ìlà kan tó là tààrà láti òkè dé ilẹ̀, fèrèsé tí orí rẹ̀ rí róbótó ní apá kan tó sì gún ní apá kejì, ilẹ̀ tó ga díẹ̀ nítòsí pẹpẹ: èyíkéyìí nínú wọn fi hàn pé ilé náà ti gùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òkúta ìpìlẹ̀ tó wà lára apá tuntun kì í ṣe ti ilé àkọ́kọ́. Èyí ló ń fa ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ gòkè sí abẹ́ òrùlé bí àkàbà bá lágbára, kí ẹ fi aṣọ bo imú nítorí ìgbẹ́ àdán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ igi, kí ìmọ́lẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Pákó tí ènìyàn méjì fi ayùn fà lórí kòtò máa ń ní ìlà tó dúró gbọn-ọn, ọ̀kan súnmọ́ra, èkejì jìnnà síra, nítorí agbára ọwọ́ kò dọ́gba. Pákó tó ti ẹ̀rọ ayùn róbótó jáde, ìlà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ó sì dọ́gba. Igi tí wọ́n fi àáké gbẹ́, ẹ óò rí ojú àáké pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lára rẹ̀. Bí irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lórí òrùlé kan, ẹ ti rí i pé wọ́n ti tún un ṣe, ó kù kí ẹ fi chọ́ọ̀kì sàmì sí wọn kí ẹ sì yà wọ́n ní fọ́tò.

Ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan kí ó sọ irú igi tó jẹ́. Ìrókò, apá àti ọpẹpẹ máa ń tako ikán. Arère kò lè tako ó. Ibi tí ikán ti jẹ igi tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò tó ṣì le koko, arère tàbí igi rírọ̀ mìíràn ni wọ́n fi tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ pé owó ló wọ́n lọ́dún náà. Ẹ bá ìwé owó wò ó.

Agogo sábà máa ń ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́ àti ọdún lára. Ẹ tẹ́ bébà lé e, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù pa á títí lẹ́tà yóò fi hàn. Ẹ ṣe bákan náà fún òkúta ìpìlẹ̀, ibojì, àti orúkọ tó wà lára àga tí àwọn ẹgbẹ́ fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ẹ má fi ìrin ha á láti lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọdún tí wọ́n rọ agogo kì í ṣe ọdún tó dé abúlé.

Ó dára kí á mẹ́nu ba ilé ìsìn kan tó jìnnà sí wa. Ní Petäjävesi, ìgbèríko kan ní Fínláǹdì, ìjọ Lùtẹ́rù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi ìtì igi kọ́ láàárín 1763 sí 1765. Orúkọ ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ ọ ṣì wà títí dòní: Jaakko Klemetinpoika Leppänen. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Erkki Leppänen, ló kọ́ ilé agogo sí i ní 1821. Abẹ́ Swídìn ni Fínláǹdì wà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, òfin ìjọ ti 1686 sì ti sọ ọ́ di dandan fún àlùfáà láti máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní 1879, wọn kò wó ti àtijọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, UNESCO sì fi í kún ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1994. Igi ni, òjò dídì sì ń bọ̀ lé e lórí lọ́dọọdún. Níbi tí ilẹ̀ ìjọ bá gbà á ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n fi ti àtijọ́ ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tàbí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Orúkọ káfíńtà ilé yín náà, ẹ wá a. Ìwé ètò àjọ̀dún kì í sábà kọ ọ́.

Ẹnu àgbà

Ẹ má lọ bá àgbà lójijì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kí ọmọ ilé náà kọ́kọ́ lọ sọ fún wọn, kí ẹ wá tẹ̀lé e lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ kí wọn bó ti yẹ, kí ẹ sì gba àyè kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe àárín ìpàdé. Nínú ìpàdé, ẹni tó bá ní oyè jù ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò ní “bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá”.

Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń pọnmi tí wọ́n sì ń ru ilẹ̀pa nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri. Wọ́n á mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀, iye ìgbà tí ògiri wó, ẹni tó se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹbí tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ náà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe. Kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tí wọ́n fi fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí àwọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látara ohun tó ṣeé fojú rí: “Mà, kí ni wọ́n fi bo òrùlé nígbà tí ẹ ṣì kéré? Ibo ni àwọn ọkùnrin ń jókòó sí?” Ẹ má béèrè pé “ọdún wo?” Ẹ béèrè pé “ta ló ń jọba? Ṣé ẹ ti lọ́kọ nígbà náà?” Nígbà tí wọ́n bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn, ẹ béèrè ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí wọ́n bá fi sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má yí i sí Yorùbá ìwé.

Ìtàn kan wà tí ìjọ púpọ̀ ń sọ: pé igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ni wọ́n fún àwọn onígbàgbọ́, kí wọ́n lè kú síbẹ̀, tí wọn kò sì kú. Ó lè jẹ́ òótọ́ níbi tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ igbó náà, ẹbí tó ni ín, àti ìsìn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ọ̀kankan, ẹ kọ ọ́ pé “àwọn àgbà sọ pé”, kí ẹ má kọ ọ́ bí ohun tó dájú.

Kíkọ rẹ̀

Ẹ pín ojú ìwé kan sí òpó mẹ́rin: ìṣẹ̀lẹ̀, ohun tí ìwé sọ, ohun tí ilé fi hàn, ohun tí àgbà sọ. Níbi tí òpó méjì bá ti gbà, ẹ kọ ọdún náà láìbẹ̀rù. Níbi tí wọ́n bá ti tako ara wọn, ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí wọn. Ìgbìmọ̀ lè fẹ́ kí ẹ mú ọdún tó jìnnà sẹ́yìn jù kí àjọ̀dún 125 lè bọ́ sí ọdún yìí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀, kí ẹ sì fi ojú ìwé náà hàn wọ́n.

Kí ọjọ́ wíwó tó dé, ẹ bá agbaṣẹ́ṣe ṣe àdéhùn sínú ìwé nípa ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá àwókù lọ: agogo, òkúta ìpìlẹ̀, ilẹ̀kùn àbáwọlé, pákó orúkọ, igi òrùlé kan tó ní àmì ayùn tàbí àáké, àti ègé ògiri kan tó fi bí wọ́n ṣe to amọ̀ hàn. Kí wọ́ọ́dìn kan dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ṣíwọ́, nítorí àwọn awólé lè ta pákó ìrókò lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá hú òkúta ìpìlẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ṣọ́bìrì tó kàn án. Àwọn ìjọ kan máa ń fi ìgò tàbí agolo tí ìwé àti owó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣí i ní gbangba ojú oòrùn. Ẹ gbé e wọlé, ẹ ya á ní fọ́tò bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí i.